Abẹ̀bẹ̀ Ọkọ̀: Bí Fáànù Oníná Ṣe Gba Ipò Fáànù Oníbẹ́líìtì

Lónìí a ó sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rí, ṣùgbọ́n tí a kò tíì bèèrè ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó pé ẹ wọ ọkọ̀ ní Parakou, ẹ ń lọ sí Malanville. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Oòrùn mú, ẹrù sì pọ̀ lórí ọkọ̀. Bí ọkọ̀ ti ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, ẹ rí èéfín funfun tí ń yọ níwájú rẹ̀. Awakọ̀ dúró, ó ní: "Ọkọ̀ ti hó." Gbogbo èrò bá sọ̀ kalẹ̀. Ìyá kan tí ó kó tòmátì lọ sí ọjà ń wo agbọ̀n rẹ̀, ó sì ń wo oòrùn. Tòmátì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọkọ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì, ó wọ abúlé lọ láti tọrọ omi. Omi tí ó ń tọrọ yìí, obìnrin kan ni ó jí ní kùtùkùtù láti lọ pọn ọ́n.

Ẹ rí i pé ọkọ̀ tí ó hó kì í ṣe ọ̀rọ̀ awakọ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ èrò ni, ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ni, ọ̀rọ̀ àwọn ará abúlé tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà sì ni pẹ̀lú. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí ẹ mọ ìtàn abẹ̀bẹ̀ tí ń fẹ́ ọkọ̀.

KÍ LÓ DÉ TÍ Ẹ́ŃJÌNNÌ FI Ń GBÓNÁ?

Iná ni ó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì. Bí a bá pín agbára tí ó wà nínú epo ọkọ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta, ìdá kan ni ó ń mú ọkọ̀ rìn, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí ìdá kan ń bá èéfín jáde lẹ́yìn ọkọ̀. Bí ìdá kan tí ó kù ń di ooru nínú irin ẹ́ńjìnnì. Bí a kò bá mú ooru yìí kúrò, irin á wú, á há mọ́ ara wọn, ẹ́ńjìnnì á sì kú. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú ti pàdánù ohun tí ó fi ń jẹun.

Omi ni a fi ń mú ooru náà kúrò. Omi ń yí ká inú ẹ́ńjìnnì, ó ń gba ooru sára, ó sì ń gbé e lọ sí iwájú ọkọ̀, níbi tí a ń pè ní rédíétọ̀. Rédíétọ̀ kún fún ọ̀pá tín-ín-rín tín-ín-rín. Omi ń gba inú wọn kọjá, atẹ́gùn sì ń gba àárín wọn kọjá. Bí omi bá ti tutù, a tún padà sínú ẹ́ńjìnnì.

Bí ẹ bá da ẹ̀kọ gbígbóná sínú igbá fún ọmọdé, kí ni ẹ ń ṣe? Ẹ ó mú abẹ̀bẹ̀, ẹ ó sì fẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tí fáànù ń ṣe fún rédíétọ̀ náà nìyẹn. Abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ ni fáànù.

OBÌNRIN TÍ Ó PỌN OMI FÚN ỌKỌ̀

Nígbà tí ọkọ̀ kọ́kọ́ dé ayé, kò ní fáànù, kò sì ní rédíétọ̀ bíi tòní. Ní ọdún 1886, Karl Benz, ará Jámánì, gba ìwé àṣẹ fún ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí ń lo epo. Omi wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣe ni omi náà ń hó tí ó sì ń di èéfín lọ sókè. Bí èéfín ti ń lọ ni ooru ń bá a lọ. Ọ̀nà yìí dára, àmọ́ omi kì í pẹ́ tán.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, Bertha Benz, ìyàwó Karl, mú ọkọ̀ náà láìsọ fún ọkọ rẹ̀. Òun àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, Eugen àti Richard, gbéra láti ìlú Mannheim lọ sí Pforzheim, níbi tí ìyá rẹ̀ ń gbé. Ọ̀nà náà lé ní 100 kìlómítà. Kò tíì sí ẹni tí ó wa ọkọ̀ epo jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rí. Epo tí ó rà ní ọ̀nà, ọ̀dọ̀ olóògùn ni ó ti rà á, nítorí pé epo tí wọ́n fi ń yọ àbàwọ́n aṣọ ni. Ní ti omi, léraléra ni wọ́n ń dúró láti pọn ọ́n fún ọkọ̀. Ní ibi tí òkè bá ti le, àwọn ọmọ a sọ̀ kalẹ̀, wọn a ti ọkọ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ gbọ́ o. Obìnrin ni ó kọ́kọ́ rin ìrìn àjò gígùn nínú ọkọ̀ epo, wàhálà omi tí ó sì rí lọ́nà ni ọmọ ọkọ̀ wa ń rí títí di òní.

BÍ ABẸ̀BẸ̀ ṢE DÉ

Ní nǹkan bí ọdún 1900 sí 1901, ará Jámánì mìíràn, Wilhelm Maybach, ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Mercedes tuntun. Ó fi ọ̀pá kéékèèké tí ó lé ní 8,000 ṣe rédíétọ̀ kan tí ó rí bí afárá oyin. Nítorí pé ọ̀pá náà pọ̀, atẹ́gùn ń kan omi níbi púpọ̀, omi sì ń yára tutù. Ọkọ̀ kò nílò àmù omi ńlá mọ́.

Ṣùgbọ́n Maybach kíyè sí ohun kan. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn á fẹ́ wọ inú rédíétọ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó bá ń rìn jẹ́jẹ́, atẹ́gùn kò tó. Ó wá fi fáànù kékeré kan sí ẹ̀yìn rédíétọ̀ kí ó máa fa atẹ́gùn wọlé.

Ta ni yóò máa yí fáànù náà? Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n fi bẹ́líìtì so fáànù mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí, bẹ́líìtì á fa fáànù, òun náà á máa yí. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ Ford T ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1908, ṣe rí. Ó lé ní mílíọ̀nù 15 tí wọ́n ṣe kí ó tó parí ní ọdún 1927. Fáànù oníbẹ́líìtì bá wọn rìn káàkiri ayé.

ÀLÉÉBÙ FÁÀNÙ ONÍBẸ́LÍÌTÌ

Fáànù oníbẹ́líìtì lágbára, kò sì ní ìdààmú púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan. Ẹ fi ara balẹ̀ kà á.

Nígbà tí ọkọ̀ ń sáré lójú ọ̀nà gbọọrọ, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ti tó fún rédíétọ̀. Fáànù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iṣẹ́ mọ́. Àmọ́ ìgbà náà gan-an ni ẹ́ńjìnnì ń yí fáànù kíkankíkan. Nígbà tí ọkọ̀ bá sì dúró nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, kò sí atẹ́gùn kankan. Ìgbà náà ni a nílò fáànù jù. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́jẹ́ nígbà náà, nítorí náà fáànù ń yí jẹ́jẹ́ pẹ̀lú.

Ó dà bí òṣìṣẹ́ tí ń sáré nígbà tí iṣẹ́ kò sí, tí ó sì ń tòògbé nígbà tí iṣẹ́ dé.

Sáré ọ̀fẹ́ kọ́ ni fáànù ń sá. Epo ni ó ń jẹ. Bí ìyípo fáànù bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì a di ìlọ́po mẹ́jọ. Awakọ̀ ni ó ń san owó epo náà, èrò ọkọ̀ sì ń bá a san án.

PARAKOU, ÌLÚ AWAKỌ̀

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Láti ìgbà àtijọ́ ni Parakou ti jẹ́ ìlú tí oníṣòwò ń gbà kọjá. Kí ọkọ̀ tó dé, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti aláàárù ni ó ń ru ẹrù. Nígbà tí ó di ọdún 1900, àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ojú irin láti Kútọnu. Ó dé Ṣábẹ̀ẹ́ ní ọdún 1911, ó sì dé Parakou ní ọdún 1936. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 438 kìlómítà. Wọ́n ti fẹ́ kí ó dé odò Ọya àti ilẹ̀ Niger, ṣùgbọ́n Parakou ni ó parí sí.

Ibi tí ojú irin parí sí ni iṣẹ́ lọ́rì bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà, ẹrù tí ọkọ̀ ojú irin bá já ní Parakou, lọ́rì ni ó máa ń gbé e lọ sí Kandi, Malanville àti ilẹ̀ Niger. Láti Parakou dé Malanville lé ní 300 kìlómítà. Lọ́rì kan náà a sì máa gbé ẹ̀pà Niger bọ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1959, Dahomey àti Niger dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó ojú irin àti ìkẹ́rù náà. Orúkọ rẹ̀ ni OCDN. Nígbà tí Dahomey di Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 1975, orúkọ àjọ náà di OCBN.

Báyìí ni Parakou ṣe di ìlú awakọ̀ àti mẹkáníìkì. Ilẹ̀ wa gbóná, eruku pọ̀, ẹrù wúwo, ọ̀nà sì jìn. Fáànù tí kò bá dára kì í pẹ́ tú ara rẹ̀ fó ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

FÁÀNÙ TÍ Ó MỌ ÌGBÀ ÌSINMI

Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ Peugeot ní ilẹ̀ Faransé gbìyànjú láti tún àléébù fáànù ṣe. Nínú Peugeot 404, tí ó jáde ní ọdún 1960, àti nínú Peugeot 504, tí ó jáde ní ọdún 1968, bẹ́líìtì ṣì ń fa fáànù, ṣùgbọ́n wọ́n fi irin kan sí i tí iná bátìrì lè sọ di òòfà. Nígbà tí omi bá gbóná, iná á wọ inú irin náà, á fa fáànù mọ́ra, fáànù á sì máa yí. Nígbà tí omi bá tutù, iná á kúrò, irin á tú fáànù sílẹ̀, fáànù á sì sinmi.

Ẹ rí i pé iná bátìrì ti wọ inú ọ̀rọ̀ abẹ̀bẹ̀. Iná ni ó ń pàṣẹ, bẹ́líìtì ni ó ń ṣiṣẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọkọ̀ 504 yìí kún ojú ọ̀nà wa. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń tò ó ní Kàdúná ní Nàìjíríà, wọ́n sì ṣì ń tò ó níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2000. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ti ń gbó, ohun kékeré tí ń gbé iná lọ sínú irin òòfà náà a máa jẹ tán. Bí ó bá ti jẹ tán, fáànù kò ní yí mọ́. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì a wá de fáànù náà pa, kí ó máa yí ní gbogbo ìgbà. Ọkọ̀ kò ní hó, ṣùgbọ́n fáànù tí ó ti mọ ìgbà ìsinmi ti padà sí ìwà àtijọ́.

OHUN MẸ́TA TÍ Ó MÚ FÁÀNÙ ONÍNÁ DÉ

Kí ló dé tí wọn kò fi iná yí fáànù pátápátá láti ìbẹ̀rẹ̀? Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń retí.

Èkíní ni iná tí ó tó. Ọkọ̀ àtijọ́ ń lo dínámò láti fi iná sínú bátìrì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́, iná dínámò kì í tó nǹkan. Ẹ sì rántí pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí jẹ́jẹ́ ni a nílò fáànù jù. Láti ọdún 1960, ilé iṣẹ́ Chrysler ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ iná mìíràn, tí a ń pè ní àlítánétọ̀, sí ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ń ṣe iná tí ó tó, bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ń yí jẹ́jẹ́. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Èkejì ni bí ẹ́ńjìnnì ṣe dúró. Ní àtijọ́, ẹ́ńjìnnì dojú kọ iwájú ọkọ̀, ó sì rọrùn kí bẹ́líìtì fa fáànù tí ó wà lẹ́yìn rédíétọ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ́ńjìnnì dábùú nínú ọkọ̀ kékeré, kí àyè lè gba èrò. Ẹ́ńjìnnì wá kọ ẹ̀gbẹ́ sí rédíétọ̀. Bẹ́líìtì kò lè fa fáànù níbẹ̀ tààrà mọ́. Fiat 128 ti ilẹ̀ Ítálì, tí ó jáde ní ọdún 1969, wá lo fáànù tí ó ní mọ́tò iná tirẹ̀. Volkswagen Golf ti ọdún 1974 náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni owó epo. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1973, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ísírẹ́lì àti àwọn ará Íjíbítì àti Síríà. Àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá dín epo tí wọ́n ń tà kù. Kí oṣù díẹ̀ tó kọjá, owó epo rọ̀bì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohunkóhun tí ń jẹ epo lásán. Wọ́n rí fáànù oníbẹ́líìtì.

FÁÀNÙ ONÍNÁ DÉ ỌWỌ́ MẸKÁNÍÌKÌ WA

Láti àwọn ọdún 1990, ọkọ̀ àlòkù láti ilẹ̀ Yúróòpù ń gba èbúté Kútọnu wọlé lọ́pọ̀lọpọ̀. Púpọ̀ nínú wọn ní fáànù oníná. Bí ọkọ̀ bá kú, fáànù rẹ̀ a ṣì yè. Mẹkáníìkì a yọ ọ́, a sì fi sínú ọkọ̀ mìíràn tí fáànù bẹ́líìtì rẹ̀ ti bàjẹ́. Báyìí ni ohun tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù fún ọkọ̀ kan ṣe ń di ti ọkọ̀ mìíràn níhìn-ín.

Iṣẹ́ yìí dára, bí a bá ṣe é dáadáa. Bí a kò bá ṣe é dáadáa, ọkọ̀ tí kò hó tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, bí ẹ bá gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ní Banikanni tàbí níbòmíràn, ẹ bi í ní ìbéèrè wọ̀nyí kí ó tó mú ìdè lọ́wọ́:

1. Ṣé ẹ̀rọ iná ọkọ̀ yìí lè gbé fáànù? Fáànù oníná kan lè jẹ iná tí ó tó ti fìtílà iwájú ọkọ̀ méjì sí mẹ́rin. Bí dínámò àtijọ́ ni ó wà nínú ọkọ̀, bátìrì á kú lóru.

2. Ṣé wáyà náà nípọn tó, ṣé ó sì ní fíùsì? Wáyà tín-ín-rín á gbóná, ó sì lè jó ọkọ̀.

3. Ta ni yóò máa tan fáànù? Àwọn kan ń fi bọ́tìnì sí ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ nítorí pé kò wọ́n. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ń gbàgbé. Ọjọ́ kan péré tí ó bá gbàgbé ti tó láti pa ẹ́ńjìnnì. Ohun tí ń mọ̀ pé omi ti gbóná, tí ó sì ń tan fáànù fúnra rẹ̀, ni ó dára.

4. Ṣé ó ń fẹ́ sí ibi tí ó yẹ? Fáànù gbọ́dọ̀ ti atẹ́gùn láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá so wáyà rẹ̀ ní ìdàkejì, yóò máa bá atẹ́gùn ojú ọ̀nà jà.

Ẹ má gbàgbé pé bẹ́líìtì ṣì ní iṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òun ni ó ń yí pọ́ǹpù omi àti ẹ̀rọ iná. Bí ó bá já, fáànù oníná kò lè gba ọkọ̀ là. Bákan náà, bí ẹrẹ̀ bá dí rédíétọ̀, tàbí tí omi ń jò, fáànù tuntun kò lè wo àrùn náà.

Ẹ ṢỌ́RA

Ohun méjì wà tí ó ń ṣe ènìyàn léṣe. Fáànù oníná lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójijì, bí wọ́n tilẹ̀ ti pa ẹ́ńjìnnì, nítorí pé omi ṣì gbóná. Ẹ má ṣe ti ọwọ́ bọ ibẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé dúró tì í.

Èkejì ni ìdérí rédíétọ̀. Omi inú rẹ̀ há mọ́lé, nítorí náà ó lè gbóná kọjá ibi tí omi inú ìkòkò ti ń hó. Bí ẹ bá ṣí i nígbà náà, lójú ẹsẹ̀ ni yóò tú jáde lé yín lójú. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sinmi títí yóò fi tutù. Ẹ má sì da omi tútù lé ẹ́ńjìnnì gbígbóná, kí irin rẹ̀ má baà là.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Láti ọdún 1888 tí Bertha Benz ń pọn omi lọ́nà, títí di òní tí fáànù ń tan ara rẹ̀, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wá: kí ọkọ̀ má hó kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Fáànù oníná kò dé nítorí pé ó jẹ́ tuntun. Ó dé nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iṣẹ́ wà, ó sì ń sinmi nígbà tí iṣẹ́ kò sí. Bí a bá mọ ìdí ohun kan, ẹnikẹ́ni kò ní lè fi orúkọ "tuntun" tàn wá jẹ. Tòmátì ìyá wa á dé ọjà, omi abúlé á sì kù fún àwọn tí ó pọn ọ́n.

 

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÒǸKÀWÉ

1. Ní ọdún wo ni ojú irin dé Parakou?
2. Ìgbà wo ni rédíétọ̀ nílò fáànù jù: nígbà tí ọkọ̀ ń sáré ni, àbí nígbà tí ó dúró?
3. Kí ló dé tí kò fi dára kí a ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá hó?
4. Ẹ bi awakọ̀ kan ní abúlé yín bóyá fáànù ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ oníbẹ́líìtì tàbí oníná. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé yín.